Drew Pearson, Agbábọ́ọ̀lù Tí Ẹgbẹ́ Kankan Kò Yàn

Drew Pearson jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù tí orúkọ wọn hàn jùlọ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti ọdún 1973 sí ọdún 1983, nígbà tí ó ń ṣeré fún ẹgbẹ́ Dallas Cowboys ti ìpínlẹ̀ Texas. Bọ́ọ̀lù tí a ń wí yìí kì í ṣe bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tí àwọn ọmọ Nàìjíríà mọ̀ dunjú. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni, èyí tí ó rí gbọọrọ, tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì rí ṣóńṣó, tí wọ́n máa ń fi ọwọ́ gbé sáré tàbí kí wọ́n fi ọwọ́ jù ú. Ipò tí Pearson dì mú ni wọ́n ń pè ní wide receiver. Ẹni tí ó bá wà ní ipò yìí yóò dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá, yóò sá wọ inú ilẹ̀ àwọn alátakò lọ, yóò sì gba bọ́ọ̀lù tí quarterback, ìyẹn ẹni tí ó ń darí ìkọlù ẹgbẹ́ rẹ̀, bá jù sí i. Nígbà tí Pearson fi pápá sílẹ̀, ó ti gba bọ́ọ̀lù 489, ó ti fi wọ́n jèrè ilẹ̀ tí ó tó yáàdì 7,822, ó sì ti gbé 48 nínú wọn dé ìpẹ̀kun ilẹ̀ àwọn alátakò fún àmì mẹ́fà-mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní touchdown.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn tí ó ní àṣẹ láti pe orúkọ rẹ̀ fò ó. Èkíní ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1973, kí ó tó di agbábọ́ọ̀lù tí ń gba owó oṣù. Èkejì gùn ju ìyẹn lọ, nítorí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún.

Ọjọ́ 12, oṣù kìíní, ọdún 1951 ni wọ́n bí i ní South River, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìlú náà, Joe Theismann ni quarterback wọn, Pearson sì wà nínú ẹgbẹ́ náà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí Theismann jáde, Pearson ni ó bọ́ sí ipò rẹ̀. Theismann yìí kan náà ni ó wá di quarterback fún ẹgbẹ́ Washington, tí wọ́n jẹ́ alátakò tí Dallas kórìíra jùlọ, tí àwọn ọmọ ìlú kan náà méjèèjì sì ń kojú ara wọn lọ́dọọdún. Pearson lọ sí Yunifásítì Tulsa ní ìpínlẹ̀ Oklahoma gẹ́gẹ́ bí quarterback. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yí i padà kúrò ní ẹni tí ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tí ń gbà á. Nítorí náà, nígbà tí ó parí ẹ̀kọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò tíì pẹ́ nínú iṣẹ́ tí ó fẹ́ fi jẹun.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń mú àwọn ọ̀dọ́ wọ inú líìgì NFL, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Pearson ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọọdún ni àwọn ẹgbẹ́ máa ń jókòó láti yan àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, èyí tí wọ́n ń pè ní draft. Ẹgbẹ́ tí ó ṣe burúkú jùlọ ní ọdún tí ó kọjá ni yóò kọ́kọ́ yàn, kí agbára lè máa yí káàkiri. Ẹni tí wọ́n bá yàn kò ní ẹ̀tọ́ láti bá ẹgbẹ́ mìíràn dúnàá-dúrà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹgbẹ́ náà ti ná ohun kan lé òun lórí, wọn kò sì ní tètè lé òun. Ní òde òní, ìpele méje péré ni yíyàn náà. Ní ọdún 1973, ìpele mẹ́tàdínlógún ni. Ẹgbẹ́ 26 jókòó, wọ́n pe orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin 442, orúkọ Drew Pearson kò sì sí nínú wọn. Kí ènìyàn má wọ inú ọgọ́rùn-ún kan jẹ́ ohun tí a lè fi ojú fò. Kí wọ́n ka irínwó lé méjìlélógójì kí wọ́n má kàn án jẹ́ ìdájọ́.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ṣẹ́kù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó lè fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú ẹgbẹ́ èyíkéyìí tí ó bá fẹ́ ẹ, fún owó kékeré, láìsí ìdánilójú pé yóò bá wọn dé ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Dọ́là 150 ni owó ìfọwọ́síwèé tí Cowboys fún Pearson. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà kì í fi ojú yẹpẹrẹ wo àwọn tí a kò yàn. Gil Brandt, tí ó jẹ́ olórí àwọn tí ń wá agbábọ́ọ̀lù fún wọn, ti sọ ọ́ di iṣẹ́ láti máa ṣa èyí tí àwọn ẹlòmíràn fi sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta ṣáájú Pearson, wọ́n ti mú Cliff Harris wá láti yunifásítì kékeré kan ní Arkansas, ẹni tí orúkọ tirẹ̀ náà kò jáde nínú draft. Harris yìí ti di ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí ń gbèjà ẹgbẹ́ nígbà tí Pearson dé.

Pearson kò dúró de ọjọ́ tí ìdánrawò yóò bẹ̀rẹ̀. Ó tètè lọ sí Dallas, ó sì ń bá Roger Staubach, quarterback ẹgbẹ́ náà, ṣe ìdánrawò nígbà tí àwọn mìíràn ṣì wà ní ìsinmi. Èyí wúlò ju bí ó ti hàn lọ. Ẹni tí ń ju bọ́ọ̀lù kì í jù ú sí ibi tí ẹni tí yóò gbà á wà. Ibi tí onítọ̀hún yóò dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta ni ó ń jù ú sí, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé e pé yóò dé ibẹ̀. Ní àárín sáà 1973, Otto Stowe tí ó wà ní ipò náà fi ẹsẹ̀ ṣẹ́, Pearson sì wọlé. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejìlá, nínú eré kò-mẹ́sẹ̀-ó-yọ pẹ̀lú Los Angeles Rams, ó gba touchdown méjì. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ yáàdì 83, Dallas sì borí pẹ̀lú àmì 27 sí 16. Kò tíì pé ọdún kan tí gbogbo líìgì fò ó.

Sáà tí ó tẹ̀ lé e ni ó sọ ọ́ di ènìyàn ńlá. Ó gba bọ́ọ̀lù 62 fún yáàdì 1,087 ní ọdún 1974, wọ́n sì kà á mọ́ àwọn tí ó dára jùlọ ní ipò rẹ̀ ní gbogbo líìgì. Ní ọjọ́ Ìdúpẹ́ ọdún náà, nígbà tí gbogbo Amẹ́ríkà jókòó sí ìdí tẹlifíṣọ̀n, Staubach fara pa níwájú ẹgbẹ́ Washington. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Clint Longley, tí kò tíì ju bọ́ọ̀lù kan rí nínú NFL, ni wọ́n rán wọ pápá. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú àáyá 28, Longley ju bọ́ọ̀lù yáàdì 50, Pearson gbà á láàárín àwọn tí ń ṣọ́ ọ, ó sì gbé e wọlé. Dallas borí pẹ̀lú 24 sí 23.

Ṣùgbọ́n eré kan ni àwọn ènìyàn fi ń rántí rẹ̀ jùlọ. Ọjọ́ 28, oṣù kejìlá, ọdún 1975 ni ó wáyé, ní pápá Metropolitan ní ìlú Bloomington, ìpínlẹ̀ Minnesota. Ẹgbẹ́ Minnesota Vikings ti borí nínú eré 12 nínú 14 ní ọdún náà, kò sì sí ẹni tí ó retí pé Dallas yóò bá wọn dé ibi kankan. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí eré parí, Vikings ń fi 14 sí 10 ṣíwájú, bọ́ọ̀lù sì wà lọ́wọ́ Dallas ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ tiwọn.

Òfin eré náà fún ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbìyànjú mẹ́rin láti sún síwájú ní yáàdì 10. Bí wọn kò bá rí i ṣe, bọ́ọ̀lù di ti alátakò. Ìgbìyànjú kẹrin ni Dallas wà, yáàdì 16 ni wọ́n sì nílò. Staubach jù ú sí ẹ̀gbẹ́ pápá, Pearson fò sókè ó sì gbà á, ṣùgbọ́n Nate Wright tí ń ṣọ́ ọ tì í kúrò lórí pápá kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó balẹ̀. Rẹfirí ní bí kì í bá ṣe pé wọ́n tì í, inú pápá ni ì bá sọ̀ sí, òfin ìgbà náà sì gbà pé bọ́ọ̀lù náà dára. Àwọn ará Minnesota kò gbà bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ìdájọ́ yìí ni ó yẹ kí wọ́n máa jà lé lórí jù, nítorí láìsí i, ohun tí ó tẹ̀ lé e kì bá tí ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú àáyá 32, láti àárín pápá, Staubach ju bọ́ọ̀lù gígùn kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Bọ́ọ̀lù náà kò lọ jìnnà tó bí ó ti fẹ́. Pearson rí i pé kò ní bá òun, ó dẹsẹ̀ dúró, ó sì yí padà. Ara òun àti ti Wright kan ara wọn, Wright ṣubú. Bọ́ọ̀lù náà fẹ́ yọ́ bọ́ lọ́wọ́ Pearson, ṣùgbọ́n ó há sí àárín apá àti ìbàdí rẹ̀, ó sì rìn wọ ìpẹ̀kun pápá. Ohun pupa rẹ́súrẹ́sú kan fò kọjá, àwọn Vikings rò pé àsíá ẹ̀ṣẹ̀ ni rẹfirí sọ sílẹ̀. Ọsàn tí òǹwòran kan jù ni. Ẹ̀ṣẹ̀ kankan kò sí. Dallas borí pẹ̀lú 17 sí 14.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e kò dára rárá. Inú bí àwọn òǹwòran, ẹnìkan nínú wọn sọ igo ọtí sínú pápá, igo náà sì ba Armen Terzian, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ eré, níwájú orí títí ó fi ṣẹ̀jẹ̀. Ní ọjọ́ kan náà, bàbá Fran Tarkenton, quarterback Vikings, tí ó jẹ́ oníwàásù, kú nígbà tí ó ń wo eré náà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìgbà tí eré parí ni ọmọ tó gbọ́.

Wright sọ pé Pearson ti òun ṣubú. Pearson sọ pé òun kò ti ẹnikẹ́ni. Ojú fọ́tò kò yanjú ọ̀rọ̀ náà fún ẹni tí ó bá ti fara mọ́ apá kan. Ní ti Staubach, tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ Kátólíìkì, ó sọ fún àwọn akọ̀ròyìn pé òun pa ojú dé, òun sì gba àdúrà Mo Kí Ọ Màríà. Orúkọ náà ti wà lẹ́nu àwọn kan ṣáájú àkókò yìí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni gbogbo Amẹ́ríkà ti ń pe bọ́ọ̀lù àìnírètí tí wọ́n bá jù ní ìparí eré ní orúkọ àdúrà yẹn. Ó ti kọjá pápá eré lọ báyìí. Àwọn olóṣèlú àti àwọn oníṣòwò ń lò ó fún ìgbìyànjú ìkẹyìn tí kò jọ pé yóò bọ́ sí i. Ọwọ́ ẹni tí a kò yàn ni ọ̀rọ̀ náà ti gba wọ èdè.

Àwọn ọdún tí ó kù kò ṣòro láti sọ. Pearson bá Dallas dé àṣekágbá NFL, èyí tí wọ́n ń pè ní Super Bowl, lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ Pittsburgh Steelers, wọ́n sì na Denver Broncos ní 27 sí 10 ní oṣù kìíní ọdún 1978. Ní oṣù kìíní ọdún 1981, ní Atlanta, ó gba touchdown méjì ní ìdá kẹrin eré, ìkejì nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú àáyá 42, tí Dallas fi borí pẹ̀lú 30 sí 27. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní San Francisco, ó kù díẹ̀ kí ó tún ṣe é. Dallas ń fi àmì kan ṣoṣo jẹ̀yìn. Pearson gba bọ́ọ̀lù, ọ̀nà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n Eric Wright fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbá ẹ̀wù rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn. Eré náà parí sí 28 sí 27. Bí ẹ̀wù náà bá ya, ìtàn ẹgbẹ́ méjèèjì ì bá yí padà.

Ní oṣù kẹta ọdún 1984, ọkọ̀ tí Pearson ń wà sáré kọlu ẹ̀yìn ọkọ̀ àjàgbé kan tí ó dúró. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ kú. Òun fúnra rẹ̀ fara pa púpọ̀ nínú ẹ̀dọ̀, kò sì lè ṣeré mọ́. Ọmọ ọdún 33 ni. Lẹ́yìn náà ó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ tí ń ta fìlà tí ó ní àmì àwọn ẹgbẹ́ eré ìdárayá, iṣẹ́ náà sì gbòòrò.

Ìlú Canton ní ìpínlẹ̀ Ohio ni Gbọ̀ngàn Àwọn Olókìkí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà wà. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí ènìyàn bá fi pápá sílẹ̀ ni ó tó lè wọ ibẹ̀, ìgbìmọ̀ kan ni ó sì ń dìbò. Wọ́n ti fi Pearson sí àkọ́kọ́ nínú àwọn tí ó dára jùlọ ní gbogbo ẹ̀wádún 1970. Gbogbo àwọn tí ń kọlù tí wọ́n tò mọ́ ọn nínú ìwé yẹn ni wọ́n wọ Gbọ̀ngàn náà níkọ̀ọ̀kan, tí ó fi ku òun nìkan.

Ìdí pàtàkì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ fi dà bí kékeré lójú àwọn tí ó dé lẹ́yìn. Ní ìgbà tirẹ̀, agbèjà lè máa lu ẹni tí yóò gba bọ́ọ̀lù, kí ó máa tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ eré sísá rẹ̀ títí bọ́ọ̀lù yóò fi gbéra. Ní ọdún 1978, líìgì ṣe òfin pé irú ìfarakanra bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá yáàdì márùn-ún. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fi eré méjì kún sáà, tí 14 di 16. Láti ìgbà náà ni iye bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù ti ń pọ̀ sí i. Ní ọdún 1977, yáàdì 870 ni Pearson gbà, òun ni ó sì gbà jùlọ ní gbogbo líìgì. Ní òde òní, ọ̀pọ̀ ni ó ń kọjá 1,000 lọ́dọọdún. Ẹni tí ó bá fi òṣùwọ̀n tuntun wọn irè oko àtijọ́ yóò sọ pé àgbẹ̀ náà ya ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ìdí yìí nìkan kò tó. Lynn Swann, tí wọ́n jọ ṣeré ní ìgbà kan náà fún Pittsburgh, gba bọ́ọ̀lù 336 péré, ó sì wọ Gbọ̀ngàn náà ní ọdún 2001. Ife-ẹ̀yẹ mẹ́rin ni Swann gbà. Ìpele kìíní draft ni wọ́n sì ti pe orúkọ rẹ̀.

Ẹgbẹ́ rẹ̀ bu ọlá fún un ní tiwọn. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri pápá wọn ní ọdún 2011. Nọ́ńbà 88 tí ó wọ̀ ti di ohun àjogúnbá ní Dallas: Michael Irvin wọ̀ ọ́, Dez Bryant wọ̀ ọ́, CeeDee Lamb sì gbà á ní ọdún 2020.

Ní ọdún 2017, draft wáyé ní ìta gbangba ní Philadelphia, ìlú àwọn Eagles tí wọ́n kórìíra Dallas bí ẹni kórìíra ikú. Pearson ni Cowboys rán láti pe orúkọ ẹni tí wọ́n yàn ní ìpele kejì. Àwọn èrò ń hó lé e lórí. Ó dúró, ó dá wọn lóhùn pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n jẹ́ kí òun rí iṣẹ́ ṣe, ó sì sọ fún wọn ní gbangba pé òun tí a kò yàn ni wọ́n fi ọlá yíyàn yìí fún. Orúkọ tí ó pè ni Chidobe Awuzie, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ ṣí lọ sí Amẹ́ríkà láti Nàìjíríà.

Ọ̀nà tí Pearson gbà wọlé kò ṣàjèjì sí àwọn ọmọ Nàìjíríà mìíràn. Adewale Ogunleye, tí wọ́n bí ní Brooklyn sí ìdílé Yorùbá, fi orúnkún ṣèṣe ní ọdún tí ó kẹ́yìn ní yunifásítì, ẹgbẹ́ kankan kò sì yàn án ní ọdún 2000. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, pẹ̀lú Miami Dolphins, ó mú quarterback balẹ̀ ní ìgbà 15 nínú sáà kan, wọ́n sì kà á mọ́ àwọn àgbà líìgì. Efe Obada, tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tí ó sì dàgbà ní London, kò lọ sí yunifásítì Amẹ́ríkà rárá. Dallas ni ó kọ́kọ́ fún un ní ìwé, ní ọdún 2015, ọdún 2018 sì ni ó tó wọ pápá fún Carolina Panthers.

Nígbà tí NFL pé ọgọ́rùn-ún ọdún, Gbọ̀ngàn ti Canton kéde pé àwọn yóò mú àgbà agbábọ́ọ̀lù mẹ́wàá wọlé ní ọdún 2020 lára àwọn tí wọ́n ti gbàgbé. Pearson wà lára àwọn 20 tí wọ́n fẹ́ ṣà nínú wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìkéde, ní oṣù kìíní, òun àti àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó sí ìdí tẹlifíṣọ̀n, kámẹ́rà sì wà níbẹ̀. Wọ́n pe Cliff Harris. Wọ́n pe Harold Carmichael, tí òun náà jẹ́ wide receiver, tí ó sì jẹ́ ti Philadelphia. Wọn kò pe Pearson. Ó sunkún, ó ní wọ́n ba òun lọ́kàn jẹ́, gbogbo orílẹ̀-èdè náà sì wò ó. Ọmọ ọdún 69 ni. Àwọn kan ní kò yẹ kí àgbàlagbà sunkún báyẹn lójú ayé. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ka orúkọ tán lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí láìka tirẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 22.

Láàárín ọdún yẹn ni ìgbìmọ̀ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tún mú orúkọ rẹ̀ wá, òun nìkan ni wọ́n sì mú wá. Wọ́n dìbò fún un ní oṣù kejì ọdún 2021. Ní oṣù kẹjọ, nítorí àjàkálẹ̀ kòrónà tí ó dá ayẹyẹ ọdún tí ó ṣáájú dúró, àwọn ti 2020 àti ti 2021 jọ wọlé ní ọjọ́ méjì tí ó tẹ̀ léra, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kan náà ni Harris àti Pearson jọ gbà á. Staubach ni ó mú Pearson wọlé. Lára àwọn tí wọ́n jọ dúró lórí pèpéle ní ọjọ́ náà ni Peyton Manning, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn nínú draft ọdún 1998, àti Calvin Johnson, wide receiver bíi tirẹ̀, ẹni kejì tí wọ́n yàn ní ọdún 2007.